Ṣé iṣẹ́ àbọ̀ṣẹ́ lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi ní Japan?

Ìbéèrè: “Ìbàdàn ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Gbági. Ọmọ mi ọkùnrin ti gboyè jáde nínú ìmọ̀ kẹ́míkà, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń wá iṣẹ́. Éjẹ́ǹtì kan ti bá a gba àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ èdè kan ní Tokyo. Ó ní bí a bá ti san owó ọdún kan, iṣẹ́ tí ọmọ náà bá ń ṣe níbẹ̀ ni yóò fi san ìyókù, tí yóò fi jẹun, tí yóò sì tún máa fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ọmọ aládùúgbò wa kan wà ní Japan tí kò sanwó kankan, ó sì ń fi owó ránṣẹ́ lóòótọ́. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún wa ní Mọ́níyà ni mo fẹ́ tà. Ṣé òótọ́ ni ohun tí ọkùnrin náà sọ? Báwo sì ni ọmọ mi yóò ṣe máa gbé níbẹ̀ lójoojúmọ́?”

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú làálàá ọmọ. Ìbéèrè méjì ló wà nínú ìwé yín, ọ̀kan nípa owó, èkejì nípa ìgbé ayé ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n ní Japan ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n, nítorí pé iye wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ń ṣiṣẹ́ ni yóò pinnu bí yóò ṣe sùn tó, ohun tí yóò máa jẹ, àti bóyá wọn yóò jẹ́ kí ó dúró sí ìlú náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kí n má fi yín sínú iyèméjì: bí ọmọ yín bá rí iṣẹ́, iṣẹ́ náà lè bọ́ ọ, kò lè bọ́ ọ kí ó tún san owó ilé-ẹ̀kọ́ láì rú òfin, èyí tí yóò fi ránṣẹ́ sílé kò sí níbẹ̀ rárá. Mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè níbẹ̀, mo sì ti pẹ́ lẹ́nu bíbá àwọn ọmọ Áfíríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, sí báńkì àti sọ́dọ̀ àwọn onílé, nítorí náà ohun tí ojú mi ti rí ni mo fẹ́ kọ síbí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ ọmọ aládùúgbò yín kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí mo fura pé àpẹẹrẹ rẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ éjẹ́ǹtì náà tètè wọ̀ yín lára. Ẹni tí kò san owó kankan tó sì ń fi owó ránṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹni tí ìjọba Japan fún ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní MEXT, ìyẹn orúkọ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ wọn. Ìjọba ló ń san owó yunifásítì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìjọba ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀, bó bá sì jẹ́ pé ó ti kọjá oyè àkọ́kọ́, ó ń gba nǹkan bí 143,000 sí 145,000 yen, ìyẹn owó Japan, lóṣù. Ẹni tó bá ṣọ́ irú owó bẹ́ẹ̀ ná lè rí díẹ̀ fi pamọ́. Ọ̀nà tí wọ́n là fún ọmọ yín kì í ṣe ọ̀nà yẹn. Aládàáni ló ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ èdè, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sanwó fún ara rẹ̀, kò sì sí oyè yunifásítì kankan lópin rẹ̀. Èdè ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, fún ọdún méjì ó pẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò tó wá yunifásítì tàbí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tí yóò wọ̀, tí yóò sì tún san owó ìwọlé tuntun. Mo ti bá òbí pàdé tó gbà pé ní òpin ọdún kejì ni ọmọ òun yóò dé fìlà oyè.

Ohun kejì tó lọ́jú pọ̀ ni físà. Kò sí físà kan tí wọ́n ń pè ní ti ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ní Japan. Físà akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ kò fún ènìyàn láyè láti ṣiṣẹ́. Àṣẹ ọ̀tọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tọrọ, ó sì lè tọrọ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ tó bá gúnlẹ̀, láì san kọ́bọ̀, wọn yóò sì lù ú ní òǹtẹ̀ sẹ́yìn káàdì ìgbélùú rẹ̀. Àṣẹ yẹn kò ju wákàtí 28 lọ lọ́sẹ̀. Àsìkò ìsinmi gígùn ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ó lè ṣe tó wákàtí 8 lójúmọ́. Àwọn kan ń tan ara wọn pé bí àwọn bá ní ọ̀gá méjì, wákàtí 28 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irọ́ ni, àpapọ̀ gbogbo iṣẹ́ ni òfin ń kà, ọjọ́ yòówù kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ náà. Àwọn ilé fàájì òru àti ilé tẹ́tẹ́ pachinko tilẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pátápátá, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ ló ń gbá níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gbé Japan ló ní nọ́ńbà kan tí owó iṣẹ́ rẹ̀ fi ń hàn sí àwọn agbowó orí, nítorí náà ẹni tó bá ṣe ju wákàtí òfin lọ ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀rí sílẹ̀. Ó lè lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan kí ẹnikẹ́ni má bi í léèrè, títí di ọjọ́ tó bá fẹ́ sọ físà rẹ̀ di ọ̀tun tàbí tó fẹ́ yí i padà sí ti òṣìṣẹ́, tí wọn yóò ní kí ó mú ìwé owó orí rẹ̀ wá. Mo mọ àwọn tí ọ̀nà ti dí mọ́ báyìí lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ èdè dáadáa, tí iléeṣẹ́ sì ti fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣírò ọjà. Owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní Tokyo di 1,163 yen fún wákàtí kan ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n sì ti ń fi nǹkan díẹ̀ kún un lọ́dọọdún. Bí a bá fi 1,163 yẹn ṣe é, wákàtí 28 jẹ́ 32,564 yen lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sì jẹ́ nǹkan bí 130,000. Bí ọmọ yín bá bá ẹlòmíràn pín yàrá, ẹ jẹ́ kí a fi 45,000 sí owó ilé. Oúnjẹ, bó bá ń dáná fúnra rẹ̀, 35,000. Iná, omi àti gáàsì, 10,000. Fóònù, ọkọ̀ ojú irin àti adójútòfò ìlera, ẹ fi 13,000 sí i, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ilé bá jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó ti di 103,000 yen kí ó tó ra bàtà tàbí ẹ̀wù òtútù. Èyí tó kù kò pé 30,000. Owó ilé-ẹ̀kọ́ èdè ní Tokyo sábà máa ń wà láàárín 700,000 sí 900,000 yen lọ́dún. Bí a bá mú 800,000 tí a pín in sí oṣù 12, ó lé ní 66,000 lóṣù kan. Wákàtí ìgbà ìsinmi lè dín àlàfo yẹn kù, kò lè dí i. Mi ò yí i sí náírà nítorí pé iye tí mo bá kọ lónìí lè ti yí padà kí ẹ tó kà á. Yen ni kí ẹ fi ṣírò, torí yen ni wọn yóò fi sanwó fún un, yen náà ni wọn yóò sì fi gbà á padà.

Ìṣirò yẹn sì gbà pé ó ti rí iṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ èdè. Kò lè dúró nídìí káńtà ní konbini, àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó ń ṣí tọ̀sán-tòru wọ̀nyẹn, nítorí pé oníbàárà ń san owó iná níbẹ̀, ó ń fi ẹrù ránṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ń béèrè nǹkan lóríṣiríṣi. Iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ fún un ni fífọ abọ́ ní ilé oúnjẹ, títún yàrá òtẹ́ẹ̀lì ṣe, dídi oúnjẹ sínú ike ní ilé-iṣẹ́, àti títo ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, púpọ̀ nínú wọn ní òru. Òfin tilẹ̀ ní kí wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé owó wákàtí láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí, nítorí náà iṣẹ́ òru dùn ún wò lórí ìwé. Pańpẹ́ náà wà níbẹ̀. Kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ èdè máa ń gba ààbọ̀ ọjọ́, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó sì kúrò nídìí páálí ní aago márùn-ún ìdájí yóò jókòó sí kíláàsì ní aago mẹ́sàn-án pẹ̀lú ojú oorun. Ọmọ China tó jókòó tì í ti mọ kanji, àmì ìkọ̀wé tí Japan yá lọ́wọ́ China, láti ilé. Ọmọ tiyín yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí hiragana àti katakana, àwọn lẹ́tà ìpìlẹ̀ èdè Japan, kí ó tó kan kanji 2,136 tí ìjọba kà sí ti ìlò gbogbogbò. Bó bá ń sùn ní kíláàsì, èdè kò ní wọlé. Bí èdè kò bá wọlé, kò ní kúrò nídìí iṣẹ́ òru. Bó bá sì ti ń pa kíláàsì jẹ, iléeṣẹ́ tó ń mójú tó ìwọlé àti ìjáde àwọn àjèjì yóò wo iye ọjọ́ tó fi wá sí kíláàsì kí wọ́n tó fún un ní físà míràn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo rí tí wọ́n padà sílé lọ́wọ́ òfo kì í ṣe ọ̀lẹ, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe jù.

Nípa ìgbé ayé fúnra rẹ̀, ti ìwé ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní pápákọ̀ Narita tàbí Haneda ni wọn yóò ti fún un ní káàdì ìgbélùú, kò sì gbọdọ̀ jáde nílé láì mú un dání, nítorí ọlọ́pàá lè béèrè rẹ̀ lójú pópó, wọ́n a sì máa béèrè lọ́wọ́ àwa aláwọ̀ dúdú. Láàárín ọjọ́ 14 tó bá ti wọ ilé, ó gbọ́dọ̀ lọ forúkọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Níbẹ̀ náà ni yóò ti wọ ètò adójútòfò ìlera, tí yóò fi jẹ́ pé bó bá dé ilé ìwòsàn, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú ni yóò san. Owó oṣooṣù rẹ̀ kéré fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní owó tó wọlé lọ́dún tó kọjá, nǹkan bí 2,000 yen. Kí ó rántí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, èyí tí àwọn éjẹ́ǹtì kì í sọ: ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ogún ọdún gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì lé ní 17,000 yen lóṣù, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ kí wọ́n má baà gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àsìkò ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò bá kọ fọ́ọ̀mù náà yóò máa rí bíìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ti báńkì àti fóònù a máa fa wàhálà díẹ̀, torí pé báńkì ń béèrè nọ́ńbà fóònù, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ fóònù sì ń béèrè àkáǹtì tàbí káàdì báńkì. Báńkì ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé gbígbà kò ní ṣàjèjì sí yín pátápátá, nítorí ẹ mọ owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n tí wọ́n ń gbà ní Ìbàdàn. Ní Tokyo, káṣọ̀n wà, owó éjẹ́ǹtì ilé wà, owó iléeṣẹ́ tó ń ṣe onídùúró wà, ọ̀pọ̀ onílé sì tún ń gba reikin, ẹ̀bùn ọpẹ́ tí kò ní padà mọ́. Ẹni tó bá gba yàrá fúnra rẹ̀ lè san tó owó oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì wọlé kí ó má bá gílóòbù, kọ́tìnì tàbí sítóòfù níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun gbé ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, bó ti wù kí ó há tó. Ògiri ilé wọn fẹ́lẹ́. Ìpè fóònù pẹ̀lú ohùn wa tó máa ń ròkè ní aago mọ́kànlá alẹ́ lè fa ẹ̀sùn, aládùúgbò náà kò sì ní kan ilẹ̀kùn, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ilé ni yóò pè. Pàǹtírí ní ọjọ́ tirẹ̀: ọjọ́ kan fún èyí tó ṣeé sun, ọjọ́ mìíràn fún ike, ọ̀tọ̀ fún agolo àti ìgò, òwúrọ̀ ni wọ́n sì ń gbé e síta. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, èyí tí kò bá bá òfin mu yóò wà nílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìkìlọ̀ lára. Nígbà òtútù, ọ̀pọ̀ yàrá kì í gba ooru dúró, nítorí náà inú ilé ni òtútù ti ń mú ènìyàn jù.

Oúnjẹ kò le tó bí ẹ ṣe rò. Ṣọ́ọ̀bù àwọn Mùsùlùmí ọmọ Gúúsù Éṣíà wà ní àdúgbò Shin-Okubo ní Tokyo, ènìyàn a sì máa rí gàrí àti epo pupa rà níbẹ̀, ó kàn wọ́n ni. Àwọn ará Japan ní iṣu tiwọn, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ bí ilá, tútù ni wọ́n sì ń rin ín jẹ, kò ṣeé gún. Ìrẹsì, ẹyin, adìyẹ àti ẹ̀fọ́ ni yóò gbé e ró, bó bá sì lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì lálẹ́, yóò rí i tí wọ́n ń lẹ ìwé ẹ̀dínwó mọ́ oúnjẹ tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má di ẹran gbígbẹ, kílíṣí tàbí pọ̀nmọ́ sí ẹrù rẹ̀. Òfin wọn kò gba ẹran wọlé láìní ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò láti ọwọ́ ìjọba orílẹ̀-èdè tó ti wá, nínú àpò arìnrìn-àjò náà. Kí ó má sì kó oògùn ikọ́ tó ní codeine dání.

Àárò ni kò ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ níwà ìtìjú, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fúnni, ṣùgbọ́n ó lè jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin tó kún kí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo títí yóò fi sọ̀. Ìyẹn ń dun ènìyàn ní oṣù àkọ́kọ́ ju bí ó ti ń dunni lẹ́yìn ọdún kan lọ, mi ò sì lè sọ pé kì í dunni mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà wà ní Tokyo, mọ́ṣáláṣí ńlá náà wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣíwájú wa: bí ẹ bá ti ìsọ̀ ní aago méje alẹ́ tí ẹ sì pè é, aago mẹ́ta òru ni ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àárọ̀ kí ẹ tó lọ sí Gbági ni ó sàn, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mò ń lé ọmọ yín kúrò ní Japan. Ìlú náà ní ààbò, ọmọdé ń dá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilé-ìwé, ẹni tó bá sì gbọ́ èdè tó ní oyè sáyẹ́ǹsì ń ríṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tó jọ mí lójú ni pé ẹni tó ti ní oyè nínú kẹ́míkà ní ọ̀nà tó sàn ju èyí tí wọ́n là fún un lọ. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba níbẹ̀, owó ìwọlé jẹ́ 282,000 yen, owó ọdún kan sì jẹ́ 535,800, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan bí Yunifásítì Tokyo ti fi kún tiwọn. Ìyẹn ni pé owó ọdún kan ní yunifásítì ìjọba kéré sí ti ilé-ẹ̀kọ́ èdè, akẹ́kọ̀ọ́ sì tún lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín in kù sí ìdajì tàbí kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ètò oyè kejì tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wà nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun tó ń ṣe ni pé kí ó wá ọ̀jọ̀gbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, kí ó kọ̀wé sí i pẹ̀lú àlàyé ìwádìí tó fẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ kò ní dáhùn, kí ó máa kọ ọ́ nìṣó. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá gbà á ní kenkyūsei, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí, kí ó mọ̀ pé ìyẹn kò tíì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ oyè, yóò ṣì ṣe ìdánwò ìwọlé. Owó ìrànwọ́ MEXT tí mo sọ lókè wà fún un náà, láti ọwọ́ iléeṣẹ́ aṣojú Japan ní Abuja, bẹ́ẹ̀ náà ni ABE Initiative, ètò owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ti JICA, àjọ ìjọba Japan tó ń ran àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́, tí wọ́n kéde ní Yokohama ní ọdún 2013 fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà. Wọn kì í sanwó fún éjẹ́ǹtì kankan láti kọ fọ́ọ̀mù méjèèjì. Àwọn tó ń du àyè náà pọ̀ gan-an, ó sì lè gba ọdún kan tàbí méjì. Kí ó máa fi àsìkò náà kọ́ èdè Japan nílé.

Bó bá jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ èdè náà ni ọkàn rẹ̀ ṣì wà, mi ò mọ ìwà ọmọ yín tó láti sọ pé kí ó má lọ, torí àwọn kan wà tó gba ibẹ̀ dé ibi rere. Ìmọ̀ràn mi ni pé bí owó ilẹ̀ náà kò bá tó owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún méjì àti ti oúnjẹ òun ilé fún oṣù mẹ́fà, kí ẹ má tà á fún èyí. Bó bá tó, kí ẹ gba orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì, kí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí wọn tààrà, kí ó béèrè iye owó gbogbo àti ibi tí àwọn tó jáde níbẹ̀ lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tọrọ ìwé ẹ̀rí ìyẹ fún ìgbélùú lọ́wọ́ ìjọba ní Japan, ìwé yìí ni ó sì máa ń mú lọ sí Abuja fún físà. Owó ìforúkọsílẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbà. Owó ilé-ẹ̀kọ́ gan-an, ìgbà tí ìwé yẹn bá ti jáde ni wọ́n ń san án, sínú àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́ ní Japan. Bí éjẹ́ǹtì bá ní kí ẹ san owó ọdún kan sínú àkáǹtì tirẹ̀ kí ìwé náà tó jáde, ẹ má fún un.